Kápúsù Tó Ṣẹ́ Kù

Mo rántí ìgbà tí mo ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ẹdẹ, tí mo há ìwé ìbéèrè sábíyá. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè jáde ni. Mo fẹ́ wádìí bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé béèyàn ò bá lo oògùn apakòkòrò tán, kòkòrò tó ṣẹ́ kù á gbọ́n, apá oògùn ò sì ní ká a mọ́. Ẹni tó bá ní òun kì í lò ó tán, ṣe ni mo máa ń yínmú sí i. Àwọn àgbà kúkú ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Káàdì kápúsù apakòkòrò tí mo lò dé ìdajì nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí ṣì wà nínú báàgì mi. Ara mi ti yá, ni mo bá tọ́jú ìyókù.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ́ ṣá ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, lóko wọn lọ́nà Awo. Mo gbé kápúsù mi lọ fún wọn. Mo ní tí ẹsẹ̀ bá ti fúyẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n fi èyí tó kù pamọ́. Èmi ọ̀mọ̀wé! Wọ́n súre fún mi títí mo fi gun ọ̀kadà.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi wú, tó ń ṣọyún. Nílé ìwòsàn, oríṣi abẹ́rẹ́ kẹta ló tó ràn án, wọ́n sì ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan kó tó dìgbà yẹn. Dókítà bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn lóògùn. Ìyá àgbà yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé èmi tí mo mọ̀wé ló máa ṣàlàyé. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn.

Ẹ̀rín wọn lọ. Wọ́n wò mí díẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà,” wọ́n ní, “mo rà á ni.”

Lọ́jọ́ tí a délé, wọ́n na agolo kékeré kan sí mi. Kápúsù mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. “Mo tọ́jú ẹ̀ bí o ṣe wí. Kí ọ̀nà ọ̀fun má lọ yọ ọ́ lẹ́nu lásìkò ìdánwò.”

Èmi náà ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, agolo náà sì wà lórí tábìlì mi. Ìyá àgbà ṣì ń tiro lọ sóko. Títí dòní, wọn ò bi mí léèrè ìdí tí mo fi purọ́. Ojú ń tì mí débi pé, ì bá sàn kí wọ́n bi mí.