Ìrù Dópámíìnì Tí Bàbá Mi So

Lẹ́yìn tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú báyòkẹ́mísírì, mo padà sílé bàbá mi ní Màhìntẹ́dó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà bàbà ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Àwòrán dópámíìnì ni mò ń ṣe. Kẹ́míkà inú ọpọlọ ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń mú kó wu ènìyàn láti dìde lọ ṣe nǹkan. Mo yàn án nítorí mi ò rò pé mo ní in tó. Mi ò ṣe àyẹ̀wò kankan o. Bó ṣe ń ṣe mí ni mò ń sọ.

Bàbá mi, tó jẹ́ apẹja, kò bínú sí wáyà náà. Ó kàn ní tí ẹnì kan ṣoṣo kò bá fi sọ́rùn kí oṣù tó parí, kí n kó o kúrò nílẹ̀, kí n wá bá òun nínú ọkọ̀. Mo gbà kíákíá. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá rò ó pẹ́, màá sunkún, kò sì dáa kéèyàn máa sunkún níwájú ẹni tó ń jẹun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe é fún òun: olùkọ́ kẹ́mísírì ní Òde Màhìn, obìnrin ará Ìbàdàn. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo tẹ òrùka onígun mẹ́fà, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì jẹ́ kí ìrù wáyà kan rọ̀ dirodiro ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan ní ìparí rẹ̀. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni mo fẹ́ gbé e lọ. Nígbà tí mo wẹ̀ tán, bàbá mi ti wé e sínú ọ̀rá kí omi má baà ta sí i. Inú mi dùn débi pé mi ò tú u wò.

Olùkọ́ náà tú u. Ó fi ẹnu bírò ka igun rẹ̀.

"Ìrù rẹ̀ dà?"

Ìrù náà ti ká lọ bá òrùka. Okùn àwọ̀n ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn, kókó mẹ́ta.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í rí okùn tó já lára àwọ̀n ká kọjá. Ì báà jẹ́ àwọ̀n àjèjì tó sá sóòrùn, o máa dúró, o máa so ó, o máa lọ. A kì í sọ fún ẹni tó ni ín. Lójú bàbá mi, òjé tó ń fa àwọ̀n sísàlẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa méjèèjì, wọ́n sì wà níbi tó yẹ. Ti aró ni èyí tó ń mú àwọ̀n léfòó, ó ti tú. Mo ṣàlàyé èyí fún olùkọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe mí bí mo ṣe ń ṣàlàyé.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí ìrù bá ti ká báyìí, kì í ṣe dópámíìnì mọ́. Ọ̀nà kẹ́míkà tó ń mú ara dúdú ló gbà yẹn. Èmi sì ti dúdú tó."

"Ẹ jẹ́ kí n tú u, mà."

Kókó náà kò tú. Olùkọ́ náà ní òun ò lè fi irọ́ sọ́rùn wọ kíláàsì, ó dá a padà fún mi.

Mo délé, mo fi han bàbá mi.

"Ṣé ó yẹ kó máa rọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Irú àwọ̀n wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe àwọ̀n. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí yín, ó jọ pé sí ara mi ni, torí pé..."

"Kókó ni mò ń bi ọ́. Mi ò bi ọ́ nípa ọkàn rẹ."

Ó jókòó ti kókó náà pẹ́, ó fẹ́ tú u. Wáyà ló kọ́kọ́ dá. Ó kó o lé mi lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lórí afárá pákó pẹ̀lú àjẹ̀, torí pé àdéhùn ni àdéhùn, mo sì fẹ́ kó rí i pé mi ò dì í sínú. Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ ọkọ̀, ó tì í kúrò létí afárá.

"Oṣù míì ti wọlé," ó ní, ó sì wà á lọ, ó fi mí sílẹ̀ lórí afárá.