Àǹtí Glenys àti Ilẹ̀kùn Àtìmọ́lé Orí Yìnyín

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ ṣùtì sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra. Mo fi gbogbo eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi búra pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fi iyọ̀ sí i, òótọ́ ni iyọ̀ ọ̀hún náà. Ilé ìwé kankan kò sì kọ́ mi ní òfin họ́kì orí yìnyín. Ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ láti orí bẹ́ǹṣì, débi pé àwọn tó kọ òfin náà gan-an ni ì bá máa wá bi mí léèrè, ká ní wọ́n mọ ilé mi.

Ọ̀rọ̀ Glenys Tregilgas ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí Glenys ní Elizabeth, ní ìhà àríwá Adelaide. Elizabeth yìí ni oòrùn oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yan èèyàn bí àgbàdo, tí ọ̀dà ojú títì á máa lẹ̀ mọ́ bàtà. Ibẹ̀ náà la kọ́ ilé yìnyín sí fún gbígbá họ́kì, àfi bíi pé a fẹ́ fi oòrùn ṣe yẹ̀yẹ́. Èèyàn á làágùn dé ẹnu ọ̀nà, á wọ kóòtù, á wọlé lọ máa gbọ̀n.

Kó tó di ẹni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àǹtí Glenys ti ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé ọwọ́ sókè dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá. Tó bá gbé ọwọ́ yẹn sókè, tírélà tó kó ẹgbẹ̀rún àgùntàn á dúró gbagidi, àwọn àgùntàn inú rẹ̀ á sì panu mọ́ títí ọmọ ìkẹyìn á fi kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ Kelvin kú, ilé iṣẹ́ mọ́tò tó gba ìdajì àdúgbò síṣẹ́ kógbá wọlé, àwọn aládùúgbò kó lọ. Obìnrin tó ti dá tírélà dúró kò wá rí ẹnikẹ́ni bá wí mọ́, àfi kẹ́tùlù tó ń hó lórí iná.

Àsìkò yẹn ni ilé yìnyín ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn àtìmọ́lé.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Nínú họ́kì, ọmọ tó bá fi igi gbé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, tàbí tó fi ìgúnpá gún un, wọn kì í kàn pariwo mọ́ ọn lásán. Wọ́n á tì í mọ́ yàrá kékeré onígíláàsì kan létí yìnyín fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbá róbà dúdú tí wọ́n fi ń ṣeré lọ láìsí i. Tí àkókò bá pé, olùṣọ́ á ṣílẹ̀kùn, ọmọ á jáde. Iṣẹ́ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ tó bá lákíyèsí díẹ̀ lè ṣe é.

Àǹtí Glenys ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí ò mọ ohun tó ṣe ò tíì jìyà rárá. Nítorí náà, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí i, á ní, "Kí lo ṣe?" Ọmọ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì bẹ̀bẹ̀.

"Mo ti ọmọkùnrin yẹn ṣubú, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Ó dáa, ọkọ mi. Jáde."

Ó máa ń gé ọsàn fún wọn pẹ̀lú. Inú àṣà yìí ni àwọn ọmọ ilé wa dàgbà sí. Ó ti mọ́ wọn lára bí ẹni ń bọ́ bàtà kó tó wọ pálọ̀. Àwọn àlejò ló ń yà lẹ́nu. Lọ́dún kan, ọmọ Bùlùgéríà kan tó ga bí òpó iná wọ àtìmọ́lé. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn yẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ ti ìgúnpá tó gún èèyàn, ó jẹ́wọ́ ti adìẹ ìyá àgbà rẹ̀, ó dé orí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ní Sófíà, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. Ẹ má bi mí bí mo ṣe gbọ́ èdè Bùlùgéríà. Mo gbọ́ ọ.

Ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló gbé ọmọ Bùlùgéríà yẹn wá. Ìdíje náà ní ìpele-ìpele bí àkàbà. Lókè téńté ni àwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ń já bọ́ fún láti ojú ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwa wà, àwa àti àwọn tó jẹ́ pé inú fíríìjì ni wọ́n ti mọ yìnyín. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nípele wa á gòkè lọ bá àwọn ọ̀gá ní Yúróòpù. Ẹni tó bá gbẹ́yìn á já wálẹ̀ sí ibi tí a kì í dárúkọ. Ilé yìnyín ti Elizabeth ni ìpele wa ti ń pàdé ní gbogbo oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé orílẹ̀-èdè mìíràn kò bá wa dù ú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọ wa ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ọdún yẹn náà ni àjọ àgbáyé rán Ọ̀gbẹ́ni Reto Zumstein sí wa láti Switzerland, kó wá ṣe alábòójútó. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó jọ pé aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó mí fún un. Ọjọ́ kejì ìdíje ló gbọ́ "Kí lo ṣe?" fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sáré wá.

"Màdáàmù, kí lẹ ń bá ọmọ yẹn sọ?"

"Mò ń bi í ohun tó ṣe ni, ọkọ mi."

Ojú Zumstein pọ́n. "Èmi kì í ṣe ọkọ yín o."

"Ó mọ́ mi lẹ́nu ni. Ẹ gba ọsàn."

"N ò jẹ ọsàn! Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀. Kò sì gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo gbè sẹ́yìn ẹ̀? Gbogbo wọn pátá ni mò ń bá wí."

Merv Schirmer, bàbá tó ń ṣọ́ àkókò ní àga tó kángun sí tirẹ̀, rẹ́rìn-ín débi pé ó fìgúnpá tẹ bọ́tìnnì fèrè tí wọ́n fi ń dá eré dúró. Fèrè dún, eré dúró, rẹfirí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara Zumstein wá gbóná.

"Màdáàmù, tí ohùn yín bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan péré kí ìdíje yìí tó parí, ẹ máa bọ́ jákẹ́ẹ̀tì olùṣọ́ yẹn fún mi. Ẹ ò ní ṣọ́ ilẹ̀kùn ìdíje àgbáyé mọ́ láyé yín."

Nígbà tó lọ tán, Merv fẹnu sí i létí. "Glenys, ṣé o lè dákẹ́?"

"Ṣebí èmi àti Kelvin jọ gbélé fún gbogbo ọdún yẹn. Ṣé o gbọ́ ariwo wa rí?"

"Ariwo tìẹ nìkan la máa ń gbọ́. Ìdí tí mo fi ń bi ẹ́ nìyẹn."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló kù ní gbogbo Elizabeth tó jẹ́ pé tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á dá a lóhùn. Kò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ẹnu rẹ̀ pa dé bí agolo. Àwọn ọmọ rò pé àìsàn ni. Ìyá ọmọ kan se ọbẹ̀ adìẹ wá fún un, ó gbà á, ó sì mi orí.

Àárín àwa àti Iceland ni eré ìkẹyìn bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó tíì na ìkankan nínú wa, ẹni tó bá borí ló máa gòkè. Oòrùn ọjọ́ yẹn ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Páànù òrùlé ń dún tá-tá-tá, etí yìnyín ti ń làágùn. Méjì sí méjì ni wọ́n wà nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ni rẹfirí bá na ọwọ́ sí Brodie Kowalenko, ọ̀gá àwọn ọmọ wa: ó fi igi gbé ọmọ Iceland lẹ́sẹ̀. Brodie wọ àtìmọ́lé, ó ń jà rannto.

"N ò fọwọ́ kàn án! Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ ara rẹ̀!"

Àǹtí Glenys wo ojú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Zumstein jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú rẹ̀ wà lára aago. Àwọn ọmọ wa ń gbá a láìsí Brodie, aṣọ́lé wa ń ta gìjà bí ẹja. Ìṣẹ́jú méjì pé, Merv ké pé, "Ṣí i!" Àǹtí Glenys ṣí i lójú ẹsẹ̀.

Brodie ò jáde. Ó dìde dúró, ó kọjú sí Àǹtí, ó ń retí.

"Jáde ńbẹ̀ yẹn!" Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ti ń fò sókè lódìkejì. "Brodie! Kí lo dúró ṣe síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun?"

Merv náà kígbe, "Ọmọ yìí, ilẹ̀kùn ti ṣí! Àbí ká tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ẹ ni?"

"Àǹtí ò tíì bi mí."

"Kò ní bi ẹ́! Wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀!"

"Ta ló ní kí Àǹtí má sọ̀rọ̀?"

Àǹtí Glenys gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fi júwe ìta fún un. Àṣìṣe ńlá ni. Ní gbogbo ìgbà tí Brodie fi lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iwájú ọwọ́ yẹn ló ti ń sọdá títì, ohun kan ṣoṣo ló sì túmọ̀ sí lójú ọmọ Elizabeth: dúró. Ọmọ náà padà jókòó wọ̀ọ̀.

Àwọn ará Iceland ti bo aṣọ́lé wa mọ́lẹ̀. Àǹtí Glenys wò wọ́n, ó sì wo jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Kó má tiẹ̀ ṣe nǹkan kan rárá ni. Kó ṣáà dákẹ́ bí Zumstein ṣe pàṣẹ. A ò ní gòkè, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ ìdíje á tún padà sí Elizabeth, àga rẹ̀ á wà níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì á wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí, òfin ló ń pa mọ́. Bí àwọn ọmọ wa bá sì borí, Yúróòpù nìyẹn, ìdíje lọ nìyẹn. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"KÍ LO ṢE?"

Àwọn ẹyẹ tó bà sórí òrùlé fò lọ, wọn ò padà títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Gbogbo ọmọ orí yìnyín dúró. Ọmọ Iceland kan tó ń jẹ́ Hrafnkell, tí róbà dúdú náà wà lẹ́nu igi rẹ̀, tó kù kó kàn gbá a sínú àwọ̀n, rò pé òun ni wọ́n ń bi. Ó ti wọ àtìmọ́lé níbẹ̀rẹ̀ eré náà láìtọrọ àforíjì, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn, ó ní, "Èmi?" Róbà yọ̀ kúrò lẹ́nu igi rẹ̀.

Brodie ti ń ké nínú àtìmọ́lé. "Mo fi igi gbé e lẹ́sẹ̀, Àǹtí! Mo tún parọ́ pé n ò ṣe é! Ẹ má bínú!"

"Jáde, ọkọ mi!"

Ó ta jáde bí ẹni tí ajá ń lé. Róbà ń yọ̀ bọ̀ tààrà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ọmọ Iceland kankan láàárín òun àti aṣọ́lé wọn. Ó gbá a wọlé. Fèrè ìkẹyìn dún. Mẹ́ta sí méjì. A gòkè!

Ariwo ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Zumstein na ọwọ́ sí Àǹtí Glenys. "Jákẹ́ẹ̀tì."

Merv dìde sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, obìnrin yìí ló gbé wa gòkè!"

"Mo mọ̀," ni Zumstein wí. "Ohun tí mo fi ń gbà á nìyẹn."

Àǹtí bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé Àǹtí Glenys kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó ti kúrò ní Elizabeth ní wákàtí kan náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ wa lọ bá àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá náà gbá wọn bí ẹní ń gbálẹ̀ ọjà. Gólì tí wọ́n gbá wọ àwọ̀n wa pọ̀ débi pé ẹni tó ń kéde rẹ̀ sọ ohùn nù. Wọ́n gbẹ́yìn, wọ́n sì já padà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo Elizabeth fajú ro. Àǹtí Glenys yan mítípáì fún gbogbo àdúgbò, ó ní kí wọ́n fi gba ìtùnú, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ orin tó ń kọ nídìí ààrò.

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tún dé, ìdíje padà wá, Zumstein náà padà. Ó mú olùṣọ́ ilẹ̀kùn tuntun dání, géńdé kan tó kàwé gboyè lórí ilẹ̀kùn ṣíṣí. Géńdé náà ò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò gé ọsàn. Ọmọ Tọ́kì kan ló kọ́kọ́ wọ àtìmọ́lé. Ó jókòó, ó ń tutọ́ sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, níbi tí àlàfo kan tó gba àtẹ́lẹwọ́ wà, ohùn kan dún.

"Ìwọ tó ń tutọ́ yẹn. Kí lo ṣe?"

Zumstein fò dìde. "Màdáàmù! Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́!"

"Ilẹ̀kùn wo ni mo ṣọ́, ọkọ mi? Àga tí mo fowó mi gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo jókòó sí."

Zumstein ṣí ìwé òfin. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn dé iwájú. Òfin de olùṣọ́ ilẹ̀kùn lẹ́nu, ó de akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó de aṣọ́lé pàápàá. Ṣùgbọ́n òǹwòran, wọ́n kàn ní kó má ju nǹkan sórí yìnyín ni. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ Àǹtí mọ́. Zumstein pa ìwé dé, ó lọ jókòó. Ọmọ Tọ́kì náà ti ń jẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Glenys ń jókòó sí di òní. Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kó lọ bá Merv Schirmer ní Elizabeth. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, òun ló ṣì ń tẹ fèrè. Kí ẹ ṣáà ti apá òsì bá a sọ̀rọ̀, nítorí etí ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọjọ́ tí Àǹtí Glenys ti pa ariwo yẹn.