Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Fi Ọmọ Mi Sílẹ̀ Ní Bodà

Nígbà tí ọmọbìnrin wa jáde ní yunifásítì, ó ní òun ò fẹ́ àríyá kankan. Ohun tí ó fẹ́ ni kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn kiri Yúróòpù. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ.

"Kò sí ẹnì kankan, Mummy."

"Ibo lẹ wá máa sùn?"

"Hostel."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Èmi ni mo ní kí ó máa lọ. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́rin ka nọ́ọ̀sì láìfìdí rẹmi, tí ó tún ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, mo ní ó yẹ kí ó rí ayé díẹ̀ kí iṣẹ́ ọsibítù tó gba gbogbo àkókò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó gbà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí wọn sí. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù tó wà lọ́wọ́ wọn ti tó wọn. Tiwa nìkan ni ó ní láti tọrọ físà, nítorí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ó ń lò, pẹ̀lú green card. Ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ níbí, torí ẹ̀bi mi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí a kó wá sí Atlanta. Òfin ibí ni pé tí òbí bá búra di ọmọ ilẹ̀ yìí kí ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún, ọmọ náà ti bá a wọlé nìyẹn, kò ní búra kankan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni nígbà tí ó tó àkókò fún èmi àti ìyá rẹ̀ láti kọ̀wé béèrè fún ìbúra náà. Ìyá rẹ̀ ní kí a kọ ọ́. Mo ní kí ó fara balẹ̀. Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà, mo sì ti sọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù. Ó bi mí pé, "Ṣé o ti wá di ará ibẹ̀ nìyẹn?" Kò bínú o, ohùn rẹ̀ kàn rọlẹ̀ ni. Ohùn yẹn ni mo gbé sọ́kàn títí Bàbá fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé. Wọ́n pè wá, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún pè wá. Ọjọ́ tí a na ọwọ́ ọ̀tún wa sókè búra, ọmọ wa ti pé ọdún méjìdínlógún, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ méje lé e. Ó wà lára àwọn tó jókòó sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Òun náà lè kọ̀wé tirẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ní kí ó kàwé tán ná.

Nítorí náà èmi ni mo tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, tí mo fi mọ́tò gbé e láti Lithonia tí à ń gbé lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba físà láàárín ìlú. Ó kó ìwé jọ sínú fáìlì kan: lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́, ìwé báńkì, insurance, orúkọ gbogbo ibi tí wọn yóò sùn. Obìnrin tó wà nídìí kántà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ọmọ mi ní àwọn máa wọ Ítálì, àwọn á kọjá sí Gíríìsì, ibẹ̀ ni àwọn á ti wọ bàálù padà. Físà kan náà ni wọ́n ń lò fún orílẹ̀-èdè méjèèjì àti ọ̀pọ̀ mìíràn ní àdúgbò wọn, tí èèyàn bá ti wọ ọ̀kan, ó lè rìn dé ìyókù.

Nígbà tí pásípọ́ọ̀tù náà padà dé, mo gbé e súnmọ́ fèrèsé kíṣìnì. Mo ka orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo ka ọjọ́ tí físà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó máa parí, mo fi wọ́n wé tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ pé. Àpótí kékeré kan wà lára físà náà tí wọ́n kọ oókan sí. Mo rí i. Mo rò pé nọ́ńbà lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dára. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ìyá rẹ̀ ń fi wọ́n han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ Ítálì, wọ́n pàdé àwọn ọ̀dọ́ kan tó sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń lọ sí Albáníà, pé òkun ibẹ̀ mọ́ gaara, pé bọ́ọ̀sì sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Gíríìsì. Ọmọ mi pè mí. Ó ní òun ti wò ó, pé green card òun ti tó láti fi wọ Albáníà, òun ò nílò físà mìíràn.

Mo ní, "Ẹ ṣọ́ra nínú omi o." Kò sí ohun mìíràn tí mo sọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, mo wà lórí òpópónà I-20, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Conyers, níbi tí mo ti ń bójú tó ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí kan. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀sán ti pọ́n. Fóònù mi dún, mo tẹ̀ ẹ́.

"Dádì," ó ní, "ọkọ mi ti lọ."

"Ọkọ wo?" Mo dín eré mọ́tò kù. "O lọ́kọ?"

"The bus, Dádì! Ọkọ tí a wọ̀. It left me."

Ohùn Yorùbá rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ náà dáadáa láti kékeré, ìyá rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo bọ́ sí exit tó tẹ̀ lé e, mo páàkì sí ilé epo.

Ó ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ará Albáníà ti lu òǹtẹ̀ pé ó ti jáde. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì, wọ́n gba ìwé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó kan tirẹ̀, ọ̀gá kan jáde wá.

"Ó ní físà mi ti tán, Dádì."

"Báwo ló ṣe tán? Ṣebí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá?"

"Ọjọ́ ò tíì tán. Ó ní ìgbà kan ṣoṣo ni mo lè fi wọlé. Mo ti lò ó ní Ítálì. Bí mo ṣe jáde ní Ítálì, it's finished."

Ìgbà yẹn ni mo rántí oókan inú àpótí kékeré yẹn.

Mo béèrè àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan ń sunkún, ó fẹ́ dúró ti òun, òun ni òun ní kí ó máa lọ. Dírẹ́bà ò lè dúró mọ́. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ọ̀gá yẹn dà? Fún un ní fóònù."

Mo gbọ́ tí ó ń bẹ ọkùnrin náà. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn àgbà kan wọlé. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù tí mo ní. Mo ní èmi ni bàbá rẹ̀. Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà láti Gíríìsì, kó kàn jẹ́ kó kọjá lọ wọ bàálù. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní, "Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mí, sà."

Ó ní, "Ẹ̀yin lè wọlé, sà. Òun ni kò lè wọlé."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n máà bínú, ó sì dá fóònù padà fún un.

Mo jókòó sínú mọ́tò níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Mo pe ibi iṣẹ́ pé mi ò lè wá. Mo pe ọ́fíìsì ìjọba Gíríìsì ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀rọ dáhùn, mo tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ tún dáhùn. Nígbà tí èèyàn jàjà gbé e, obìnrin náà ní kí ọmọ mi wá gba físà mìíràn níbi tó ń gbé.

"Atlanta ló ń gbé, mà."

"Ó dáa, kó wá sí ọ́fíìsì wa."

"Bodà ló wà, mà. Kò sí ní Atlanta."

Ó ní òun lóye mi, ṣùgbọ́n ohun tí òun lè sọ nìyẹn.

Lọ́yà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé wíwọlé ilẹ̀ yìí dáadáa. Uncle ni gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é. Mo pe òun náà. Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ká ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni, mo ti wọ mọ́tò báyìí. Eléyìí, kò síbi tí mo lè dì mú. Ẹ wá bàálù tí kò ní bà sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú yẹn, kó máa bọ̀ nílé."

Ìyá rẹ̀ wà lórí shift, kò lè gbé fóònù títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méje." Ó pa fóònù.

Ọmọ náà ti fẹsẹ̀ rìn padà sí Albáníà nígbà náà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ bá a pe takisí kan, ó sì júwe ilé ìyá kan tó ń yá àlejò ní yàrá nínú ìlú tó súnmọ́ ibẹ̀. Ó fi ìyá náà hàn mí lórí fídíò. Ìyá náà wé gèlè kékeré, ó fọwọ́ lé àyà, ó ń sọ èdè tí mi ò gbọ́. Èmi náà ń dáhùn ní Yorùbá, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mà." Mi ò mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń sọ títí tí ọmọ mi fi bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. A rí bàálù tó máa gba Istanbul wá sí Atlanta. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí olú ìlú wọn. Ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọkùnrin tó ń gba ẹrù wo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ó ní físà Amẹ́ríkà dà. Ọmọ mi fi green card hàn án. Ọmọkùnrin náà ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé e lọ sẹ́yìn. Èmi àti ìyá rẹ̀ dúró ní kíṣìnì, fóònù wà lórí tábìlì, a ń gbọ́ ariwo èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ń fún un títí ó fi ń dùn mí. Mo fẹ́ tún sọ pé èmi ni bàbá rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́?

Nígbà tó yá, ọmọ mi ní, "Wọ́n ti gbà á." Ó ráyè wọ bàálù.

A lọ pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó ti rù. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra láàárín èrò, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní kó gbé báàgì wá, ó ní òun lè gbé e.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ká ní mo tètè kọ̀wé yẹn ni."

"Mo mọ̀, Dádì. Mummy ti sọ fún mi tipẹ́. Kí lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá mi fún un, bí ohùn rẹ̀ ṣe rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń kéré sí i lẹ́nu mi. Ó ní "Oh," ó sì kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì fún un. Fóònù rẹ̀ ń dún léraléra, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi fọ́tò Gíríìsì ránṣẹ́. Ó wo ọ̀kan tàbí méjì, ó dojú fóònù délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀. Fọ́ọ̀mù ìbúra láti di ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń kọ. Mo fa àga súnmọ́ ọn, mo ní kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Mo ti fi ránṣẹ́, Dádì," ó ní. "Ó ti lọ."

Mo jókòó tì í síbẹ̀. Àwa méjèèjì ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó máa retí ìpè wọn.