Bí Mo Ṣe Ká Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀dán Bí Òwú

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó rí àpótí kó gbà á. Ẹni tí kò rí, ilẹ̀ kò tíì kún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi pé, "Bàbá, irú alùpùpù wo ni ká rà?", tí mo bá sì ní kí ẹ ra èyí tó lè rìn jẹ́ẹ́, tí ẹ ó máa fi mí ṣe ẹ̀rín, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Èmi ni mo gùn ún, èmi náà ni wọ́n mú.

Ọdún tó tẹ̀lé ìparí ogun Jámánì ni. Ilé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo bá hun, etí rẹ̀ á máa wọ́ kiri bí ọ̀nà ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ta ọ̀kan nínú wọn rí. Ọkùnrin tó rà á dá a padà, ó ní aṣọ lòun wá rà, òun kì í ṣe apẹja.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Ìdòwú, oníṣòwò òwú ní Ṣakí, ń wá alùpùpù tí ìránṣẹ́ rẹ̀ yóò máa gùn lọ bá àwọn àgbẹ̀ olówùú lábúlé. Ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn fi méjì ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, pé kí Bàbá Ìdòwú dán wọn wò kó sì mú ọ̀kan. Bàbá Ìdòwú ní kí èmi àti Súlè, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gùn wọ́n wá bá òun. Ẹni tó bá gun èyí tí òun bá rà ni yóò di ìránṣẹ́ òun. Ẹnì kejì á padà sílé. Bí Súlè bá padà sílé, kẹ̀kẹ́ ló ń dúró dè é. Bí èmi bá padà sílé, òfì ni. Ẹ ti mọ àdúrà tí mo ń gbà.

Alùpùpù kan ga, ó ń dán, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìbọn. A sọ ọ́ ní Ìjì. Ìgbànú awọ ló so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ táyà, kò sí ohun tó lè yà wọ́n: bí táyà bá dúró, ẹ̀rọ á kú. Bí ẹ̀rọ bá sì kú, wàá tì í, wàá bá a sáré, wàá fò gùn ún bó bá ti dún. Èkejì kúrú, ó rí jákujàku, ó sì máa ń gbọ̀n kó tó rìn. A sọ ọ́ ní Alágẹmọ. Ṣùgbọ́n irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí o bá fún un, ẹ̀rọ á máa kùn lọ, táyà á sì dúró, tàbí kó máa rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. A ṣẹ́ kèké. Ìjì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo jó.

Àkùkọ kò tíì kọ tán tí a fi kúrò ní Ìsẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, n kò gbúròó Súlè mọ́ lẹ́yìn mi. Ní Ìpàpó mo dúró jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú àkàrà, kọ́bọ̀ kan péré. Ẹ̀kọ méjì lásán ni owó yẹn ń rà nílé wa. Oúnjẹ náà dùn, dídúró ni kò dùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá mi ti Ìjì kó tó dún, ọ̀kan nínú wọn sì fi apá méjèèjì wọ ìkòkò aláró, ó fà wọ́n yọ ní àwọ̀ ẹtù. Mo sá kúrò níbẹ̀, mo sì búra pé n kò tún ní dúró títí di Ṣakí.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ojú ọ̀nà Òkè-Ògùn. Kò sí igi tí àgbà kan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Mo pàdé Hausa kan tó ń da màlúù, ó ní, "Sànnu!", èyí tó jẹ́ "ẹ pẹ̀lẹ́" lédè wọn. Èmi náà ní, "Sànnu!" Ó tán. Mo wí lọ́kàn mi pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí, iṣẹ́ Bàbá Ìdòwú ì bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwa, bí a kò bá tíì béèrè ilé, ọmọ, aya àti oko, a kò tíì kí èèyàn. Mo ń kígbe, "Ẹ kú iṣẹ́ o!", kí wọ́n tó dáhùn, mo ti kọjá igi kẹta. Nígbà tí mo kọjá Ọ̀tu, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi: "Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àwọn tó bí mi ni wọ́n ń bú.

Báyìí ni mo ṣe dé abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọ̀dán, kí a tó dé Tẹ̀dé. Baálẹ̀ ibẹ̀, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, dúró sáàárín oríta, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi nínú: bí n kò bá lè dúró, ṣebí mo lè máa yí i ká títí ìkíni á fi parí?

"Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí yí i ká.

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi." Ó yíjú tẹ̀lé mi, nítorí ọmọlúàbí kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó ń kí i.

"Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"A dúpẹ́." Ó tún yí.

"Àwọn ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Oko ńkọ́?"

"Iṣu… iṣu wà. Ọmọdé yìí, dúró ná!"

"Bí mo bá dúró, yóò kú, Bàbá! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ta ni yóò kú?"

Ibẹ̀ ni òòyì gbé e. Ọkọ́ bọ́ léjìká rẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ìdí igi ọ̀dán, ó jókòó wìì sáàárín gbòǹgbò àti òkúta. Ẹ̀rù bà mí, ọwọ́ mi tú, Ìjì kú.

Ìyálé rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná. "Ẹ gbà mí o! Ọmọkùnrin kan ti ká baálé mi bí òwú!"

Gbogbo abúlé tú jáde. Ẹnì kan béèrè iye ìgbà tí mo ká a.

"Ẹ̀ẹ̀meje," ni ìyálé wí. "Ojú mi báyìí ni mo fi kà á."

Baálẹ̀ gbé ojú sókè nílẹ̀. "O ń kà á, o ò pariwo?"

"Mo rò pé ó kù díẹ̀ kó kí yín tán ni."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní dìde títí n ó fi tú òun. "Ẹ̀ẹ̀meje lo ká mi, ẹ̀ẹ̀meje ni wàá fi tú mi, sí òdìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ ò kanlẹ̀ nígbà tó o ń ká mi, kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀ nígbà tó o bá ń tú mi. Bó bá kàn án, o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ò bá tú mi tán, ìwọ àti Ṣakí dìgbóṣe."

Wọ́n bá mi ti Ìjì, ó dún. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ gbé mi jù sínú èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Mo dìde, mo funfun bí ẹfun. Lẹ́ẹ̀kejì, ọgbà ewúrẹ́ ni mo wọ̀, àwọn ewúrẹ́ sì bọ́ síta.

"Ọ̀kan ò tíì pé," ni Baálẹ̀ wí.

"Ṣé kì í ṣe pé ó tún ń ká yín le sí i báyìí?" ni ìyálé béèrè.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Súlè yọ lókèèrè. Iṣu mẹ́rin wà lẹ́yìn Alágẹmọ, adìyẹ kan so rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, igbá wàrà kan sì wà láyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo fi ariwo kọjá lára, òun ti kí wọn délẹ̀délẹ̀, wọ́n sì fún un ní nǹkan. Kò sọ̀kalẹ̀ o! Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń kí Baálẹ̀, ó ń kí ìyálé, ó ń kí mi kú ewu èlùbọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Súlè bá mi tú yín," ni mo bẹ̀bẹ̀.

"Rárá o. Ẹni tó ká òwú ló mọ ibi tí orí rẹ̀ wà."

Ni mo bá tọrọ Alágẹmọ. Súlè wo Alágẹmọ, ó wò mí. Bí kò bá yá mi, n kò ní dé Ṣakí, iṣẹ́ á sì bọ́ sí i lọ́wọ́; ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tú iṣu sílẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Àjàní, má wo gbòǹgbò. Ojú Bàbá ni kó o máa wò."

Mo gùn ún. Mo fún irin kékeré náà, mo dẹ̀ ẹ́, mo tún fún un. Táyà gun gbòǹgbò bí ìgbín, ó sì sọ̀ bí ìgbín. Ní ìyípo kẹta, òkúta kan dá mi dúró. Abúlé ké, "Háà!" Ẹ̀rọ ń kùn, táyà kò yí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè, Alágẹmọ dúró lójú kan bí ẹni tó ń rántí orúkọ èèyàn. Lẹ́yìn náà ló gbọ̀n, ó sì kọjá. Ní ìkẹrin, Baálẹ̀ ní, "Ilé tiyín náà ńkọ́?" Àyè wà, mo dáhùn. Ní ìkarùn-ún, ó béèrè ọmọ ta ni mí; mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ bàbá bàbá mi, mo sì tún fi oríkì díẹ̀ lé e. Nígbà tí ìkeje pé, arúgbó náà dìde, ó mi orí wò sọ́tùn-ún, ó mi ín wò sósì.

"Ó ti tú," ló wí. "Ẹ gúnyán."

Ọjọ́ kejì a gba Tẹ̀dé àti Àgọ́-Àrẹ kọjá, a sì dé Ṣakí. Òkìtì òwú ni a bá Bàbá Ìdòwú lórí rẹ̀. A ròyìn ìrìn náà fún un. Ó wo alùpùpù méjèèjì yí po, ó ní, "Súlè ò gun Ìjì rí. Àjàní, ìwọ nìkan lo gun méjèèjì. Èwo ni kí n rà?"

Súlè ń wo ilẹ̀. Ṣé mo lè purọ́? Mo lè pa á dáadáa. Ìjì yára, irọ́ kọ́ ni èyí. Mo rí òfì lójú ọkàn mi, mo rí okùn rẹ̀ tó ń wọ́ kiri. Mo la ẹnu láti wí pé Ìjì.

"Bàbá, Ìjì á tètè dé," ni mo wí, "ṣùgbọ́n kò ní lè kí ẹnikẹ́ni bó bá dé. Ta ni yóò ta òwú fún ẹni tí kò kí i? Alágẹmọ ni kí ẹ rà."

Bàbá Ìdòwú rà á. Súlè di ìránṣẹ́. Ó dì mọ́ mi, ó sì fún mi ní adìyẹ rẹ̀.

N kò gun Ìjì mọ́: aláàárù méjì ló fi ọ̀pá gbé e padà, èmi sì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò. Mo kí gbogbo ẹni tí mo kọjá lára nígbà tí mo ń lọ, mo sì dúró gba ìdáhùn. Nígbà tí mo wọ Ìsẹ́yìn, ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé eré kọ́ ni a fi ń mọ alùpùpù. Ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín òkúta, tí ẹni tó gùn ún kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, tó sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Èyí tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rà á.

Mo jókòó sí òfì fún ọdún méjì gbáko. Ìròyìn Súlè ń dé. Gbogbo abúlé tó bá kí ló ń fún un lóúnjẹ; bó bá kí wọn ní Tẹ̀dé, iyán; bó bá kí wọn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wàrà àti àsun. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí Alágẹmọ, Alágẹmọ gbọ̀n, kò sì lọ mọ́. Bàbá Ìdòwú wò ó títí, ó ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn pé òun ń wá ọkùnrin tó tín-ín-rín.

Báyìí ni ogún ṣe pín. Ọlọ́jà Ìbàdàn gba Ìjì rẹ̀ padà, ó tà á fún ẹnì kan tí kò ní àgbà nílé. Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀dán jogún ìtàn tó fi ń gba àlejò títí tó fi lọ sinmi. Súlè jogún ikùn, ó sì ń gbé e kiri tayọ̀tayọ̀. Èmi jogún Alágẹmọ àti iṣẹ́ rẹ̀, mo gùn ún fún ọdún mẹ́fà, títí ikùn tèmi náà fi dé, mo sì fà á lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá pàdé bàbá kan tó sanra gan-an lójú ọ̀nà Ṣakí, ẹ rọra kí i délẹ̀. Ó ti gun Alágẹmọ rí.