Ẹni Tí Yóò Fà Mí Lé Ọkọ Lọ́wọ́

Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n so yìgì mi ni ààfáà mọ́ṣáláṣí wa ní Jikwoyi bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò fẹ́ gbọ́. Ó wo ọkùnrin tó jókòó tì mí, ó ní, "Àlàájì, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Baba ni mo ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, táyà ni wọ́n ń tà ní Karu. Mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara nígbà tí wọ́n fẹ́ màmá mi. Àwọn ló kọ́ mi ní kéwú, àwọn ló ń pọ̀n mí lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ibà bá ń ṣe mí.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Mo tọ́ ọ ni."

"Bí ẹni tó bí i bá ṣì wà láàyè, òun ni òfin ẹ̀sìn mọ̀. Òun ni yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́, àfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ yan ẹlòmíì."

Ó wà láàyè. Kabusa ló ń gbé, nínú Àbújá kan náà, kò sì wá wò mí rí. Mo ní mi ò lọ bẹ̀ ẹ́. Bí yìgì ò bá ṣeé so láìsí i, kí wọ́n fi sílẹ̀. Màmá mi bú sẹ́kún. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Baba kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀, à ń jáde.

Àwọn ló wa ọkọ̀ lọ sí Kabusa.

A bá ọkùnrin tó bí mi níbi tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. "Sànnu," ni Baba kọ́kọ́ fi èdè Hausa kí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó sì dá mi mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Èmi náà dá a mọ̀. Iwájú orí mi tó yọ síta, èjí tó wà lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀ ló wà lára ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Inú tó ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ wá le sí i.

Baba ní, "Ẹ jọ̀ọ́, yìgì ọmọ yìí la fẹ́ so, ẹ yàn mí kí n dúró fún yín."

"Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún fẹ́ kí n fẹnu ara mi fún yín?"

"Mi ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù. Mo rò pé wọ́n máa jà. Ọkùnrin náà kọjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Gbogbo èébú tí mo ti tò sínú pòórá. "Kí wọ́n so yìgì mi," ni mo sọ.

"Màá wá. Èmi gan-an ni màá fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ yìgì, ọkùnrin náà pẹ́ kó tó dé. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn la fi ń gbọ́ àwọn ọkùnrin. Ikọ́ ààfáà nìkan là ń gbọ́, ẹnìkan sì bèèrè bóyá kí wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn ẹni tó bí mi. Ó sọ gbogbo ohun tí ààfáà ní kó sọ. Mo tẹ́tí títí fún ohùn Baba, mi ò gbọ́ ọ.

Wọ́n mú mi jáde wá kí àwọn méjèèjì. Wọ́n jókòó ti ara wọn. Mo kúnlẹ̀ síwájú Baba. Wọ́n sún ẹsẹ̀ wọn kúrò, wọ́n ní, "Ọ̀dọ̀ wọn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó sì dánu dúró lójijì. Ó yíjú sí Baba.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Orúkọ wo lẹ ń pè é nílé?"

Baba sọ ọ́ fún un létí.