Ìlà Mẹ́rìndínlógún Tí Kò Ṣeé Kọ Lórin

Eruku tó bá ti pẹ́ nínú irin ní òórùn tirẹ̀ nígbà tí iná bá kàn án, bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Òórùn yẹn ló gba yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ fún odidi ọdún mẹ́ta tí mo fi ń jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan dìde. Kì í ṣe irú èyí tó wà lórí tábìlì rẹ o. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, iná pupa wẹ́wẹ́ àti súwíìṣì sì tò sí iwájú rẹ̀. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ti ń ta pàǹtí ni mo ti rà á. Wáyà tí eku jẹ, mo pààrọ̀ rẹ̀; ibi tó dógùn-ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu ha á. Gbogbo Sátidé mi ló bá a lọ. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ti ṣèlérí fún bàbá kan ní Emùré, ẹni tó lò ó kẹ́yìn kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Bí mo bá ti wọlé kí i, ohun kan náà ló ń bi mí: "Ṣé ó ti jí?"

Irú ẹ̀rọ yìí kì í mọ nǹkan kan tó bá jí. Ọwọ́ lèèyàn ń fi kọ́ ọ, lórí àwọn súwíìṣì yẹn, nọ́ńbà láti òdo dé méje, kó tó lè ka ohunkóhun. Àwọn nọ́ńbà tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò jẹ́. Bàbá ní òun ti lẹ tirẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Mo wò ó, bébà orin ni mo bá níbẹ̀: do, re, mi, mẹ́rin mẹ́rin, ìlà mẹ́rìndínlógún. Bàbá ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láyé ọjọ́sí, mo bá ní orin rẹ̀ ni, ogbó ló ń dà á láàmú. Mo fi bébà náà há inú ìwé orin ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyàwó mi gbìyànjú láti kọ ọ́ lórin. "Dádì, orin kí lèyí? La, dákẹ́, mi, re. La, dákẹ́, mi, do. Ẹni tó kọ ọ́ ò gbọ́ orin rárá!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Bàbá tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báwo ni kò ṣe ní gbọ́ orin? Ohùn méje ló wà, láti do tó jẹ́ ení dé ti tó jẹ́ èje. Fi dákẹ́ ṣe òdo, ó di òdo dé méje. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Ojú tì mí, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé Bàbá wá láti Emùré. Ó jókòó sórí àga oníke, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ń kọ ọ́, èmi ń tẹ súwíìṣì. "Padà sẹ́yìn, ìyàwó," ni Bàbá sọ lẹ́ẹ̀kan, "so ni, kì í ṣe la." Bí ìlà tó kẹ́yìn ti wọlé, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa bébà oníhò tí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí mì, gbogbo iná pupa ń sáré. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayọ̀ tí mo rò pé màá yọ̀ ò wá. Àárẹ̀ ọdún mẹ́ta ló wá.

Bàbá dẹ etí sí i díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ á pa á."

"Bàbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni o!"

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà, uṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde, wọ́n ti ulé. Uná ló lọ mọ́ ọn lórí. Mi ò rí i pa. Uṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò parí rẹ̀."

Ó wá ń sọ súwíìṣì tí mo máa kọ́kọ́ pa, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó kẹ́yìn, ó ní kí n fi ọwọ́ òun lé e. Ó pa á fúnra rẹ̀, gbogbo iná náà kú. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ó tó. Ẹ kú uṣẹ́."

Mi ò tíì tan ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ní mo pa á tì. Mo ní rárá, a parí rẹ̀ ni. Ọdún tó ń bọ̀ ni lẹ́tà ìfẹ̀yìntì tèmi náà. Mo ti bẹ àwọn ará ibi iṣẹ́ pé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ díẹ̀, kí n fọwọ́ ara mi pa fáànù àti iná yàrá físíìsì.