Àpótí Ohùn tí Mo Gbé Lọ sí Òkè-Onígbìn

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà ni inú ti ń bí mi. Dẹ́rẹ́bà ti fi dá mi lójú láti àná pé bí àwọn tó ń kírun àárọ̀ bá ti ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, bọ́ọ̀sì òun á ti kúrò ní gáréèjì. Mo dé ibẹ̀ nínú òkùnkùn, mo gbé àpótí mi lé itan, mo jókòó. Bọ́ọ̀sì wà, dẹ́rẹ́bà ò sí. Ilé epo ló sùn sí. Àsìkò ọ̀wọ́n epo ni, nígbà tí àwa tí à ń ta epo rọ̀bì fún gbogbo ayé ń gbé kẹ́ẹ̀gì sùn sí títì kí a lè rí díẹ̀ rà. Nígbà tó dé, oòrùn ti yọ, owó ọkọ̀ sì ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Mo ní, “Dẹ́rẹ́bà, a ò bára wa sọ báyìí lánàá.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni epo. Èmi ò wa kànga rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé lé itan. Ọ̀gá mi ni Ràímì, ọmọ Òkè-Onígbìn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ rédíò títúnṣe ní Mushin kí n tó lọ kọ́ ti kọ̀ǹpútà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan ló tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un, Sìdíkátù. Àìsàn wá mú Ràímì lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ní àwọn lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á lọ. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá fún òun ní ọsibítù. Ó lé mi jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba àdúrà sínú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí bàbá ń ṣe sórí ọmọ lọ́jọ́ tó bá ń relé ọkọ. Nígbà tó gbé kásẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ó ní, “O ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.” Ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn.

Mo kó ohùn náà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí kékeré kan tí mo kàn fúnra mi, tó ní bọ́tìnnì kan lára. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, Ràímì á sọ̀rọ̀. Àwọn ìlànà tó ń darí àpótí náà, èmi kọ́ ni mo kọ wọ́n. Àwọn kan tí n kò rí rí ló kọ wọ́n, tí wọ́n fi wọ́n sínú díìsìkì, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú u wò, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Wọ́n fi àwọn irinṣẹ́ ìdánwò kún un. Kò sí àwòrán kankan nínú wọn. Èèyàn á fi wáyà so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, á tẹ àṣẹ kan sójú ẹ̀rọ tó dúdú, àpótí á sì fi lẹ́tà àti nọ́ńbà fèsì. Bí o bá bi í bóyá ohùn wà nínú rẹ̀, á dáhùn. Bí o bá ní kó fọn fèrè, á fọn ọ́n. Bí mo ṣe kó àdúrà náà wọlé láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà ni mo ń wò.

A gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàrà níbẹ̀, ìyẹn wàrà màálù tó dì, tí wọ́n ti dín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, ẹja ni mo mọ̀ nínú ọbẹ̀. Mo rà á tìbínú-tìbínú nítorí ebi, ó sì dùn.

Lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo ni àwọn sójà ti dá wa dúró. Àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ẹni tó bá sì gbé àpótí tó ní wáyà, ó ti ṣẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Kí ló wà nínú èyí?”

“Ohùn èèyàn ni, sà.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Kí n tó ṣàlàyé, ó ti fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn rẹ̀ yọ ìdérí, ó ki ọwọ́ bọ inú iṣẹ́ tí mo fi oṣù púpọ̀ ṣe, ó sì ń fa wáyà inú rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Àwọn èrò ọkọ̀ dì mí mú, wọ́n ní, “Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ni mo bá bẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà nítorí ohun tí n kò jẹ̀bi rẹ̀, kí wọ́n tó dá àpótí náà padà fún mi. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ń gbóná.

Ní Òmù-Àrán, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Onígbìn. Eruku pupa bo wa, ebè iṣu wà lọ́tùn-ún lósì. Mo rí páìpù ńláńlá tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, ìpáta ti jẹ wọ́n. Mo bi ọlọ́kadà pé ti kí ni.

Ó ní, “Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fà wá, nígbà tí owó epo ń ṣàn. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ẹ̀ báyìí.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ilé ẹnì kan fún àlejò, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí ó bínú.

Mo bá Ràímì nílé, ó ti rù. Ó fi aṣọ wé ọrùn, ó dì mọ́ mi, ó ń gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Sìdíkátù máa lọ sílé ọkọ. Àbúrò bàbá Ràímì lobìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń darí ètò. Mo kàn tẹ bọ́tìnnì àpótí wò ni, nítorí mo ti fura pé sójà ti bà á jẹ́. Kò dún.

Mo yọ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ń lo bátìrì nínú àpò, mo so àpótí mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ohùn wà nínú rẹ̀. Ó fèsì pé ohùn wà, àyè sì kún. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kó fọn fèrè. Nọ́ńbà sọ pé ó ń fọn ọ́n, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó yé mi nígbà náà pé orí àpótí pé, wáyà tó lọ sí ẹnu rẹ̀ ló já. Iná mànàmáná ò sí, nítorí náà mo ki irin ìjórin bọ inú ẹyín iná àwọn obìnrin tó ń dáná, mo jó wáyà náà padà. Mo tún ní kó fọn fèrè, ó sì fọn ọ́n, adìyẹ sá kúrò lábẹ́ àga. Ó wá ku kí n gbọ́ àdúrà náà fúnra rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

Ìyá Àgbà ní, “Ọmọ Ẹ̀gbá, dúró. Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ni, mà.”

“Ṣé Sìdí ti kúnlẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Orí ta ni àdúrà náà máa wá bà lé? Orí tìẹ?”

Nílé tiwa l'Ábẹ́òkúta, láti òwúrọ̀ ni tẹbí-tará ti máa ń ṣàdúrà fún ìyàwó, ẹni tó bá wọlé á ṣe tirẹ̀. Nínú agbo ilé yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá ń ṣe ti ìdágbére, ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀rọ ni o. A gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ wò.”

Ó ní, “Ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló wà nínú ẹ̀ ni?”

Mo yíjú sí Ràímì. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ dá rédíò padà fún oníbàárà láì jẹ́ pé etí mi ti gbọ́ ọ. Ó mi orí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnnì. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo bú sójà, mo bú epo, mo bú àṣà wọn.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Sìdíkátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ràímì gbé àpótí sórí itan, ó tẹ̀ ẹ́.

“Sìdíkátù, ọmọ mi.”

Ohùn rẹ̀ ni, bó ṣe wà kí àìsàn tó dé. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Ilé tí ò ń lọ, wàá bá ayọ̀ níbẹ̀. Wàá bímọ, wàá tọ́ wọn yè. O ò ní fi ẹkún padà wá sílé yìí. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kú, mo ṣèlérí fún un pé n ó...”

Ó dákẹ́. A dúró. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí àpótí fi dá mi lóhùn tó yé mi. Àyè kún. Àdúrà náà gùn ju àpótí lọ, èmi sì kà á bí ìròyìn ayọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó gbà á tán sì wà nílé mi. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ni, ǹ bá ti mọ̀.

Ràímì gbé àpótí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọmọ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Kò sí ìró kankan, àfi èémí tó ń gba ọrùn rẹ̀ jáde. Sìdíkátù gbójú sókè, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń mi orí sókè sódò díẹ̀díẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ètè náà dúró, Ìyá Àgbà ní, “Àmín.” Gbogbo ilé ṣe àmín sí ohun tí wọn ò gbọ́.

Mo gbéra lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, Ìyá Àgbà pàápàá di iṣu fún mi, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mo ń rò ó pé irinṣẹ́ lè sọ fún mi pé ohùn wà, kò lè sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ parí.

Bísí ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn fún mi, ó gba iṣu lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Ṣé àpótí náà sọ̀rọ̀?”

“Ó sọ ìdajì.”

“Ta ló wá sọ ìyókù?”

Mo ní, “Bàbá Sìdí.”